Tẹ̀tẹ̀ Inú Ike

Ẹ̀yin ará, ẹ má rín mi o. Ilé ìwé kékeré kan lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì ni wọ́n gbé TP mi sí. Ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ débẹ̀. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀: bí o bá bu omi sí i, ó ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn, tòun tajílẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó bá gbìyànjú láti hù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́.

Mo ti kà á pé lọ́dún 1945, àwọn sójà Amẹ́ríkà gbin ẹ̀fọ́ láìlo ilẹ̀ ní Ascension, erékùṣù àpáta láàárín òkun Àtìláńtíìkì yìí kan náà. Omi tí wọ́n po ajílẹ̀ sí ni wọ́n fi bọ́ ọ. Ni mo bá fọ́nnu fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: kí tẹ́ẹ̀mù tó parí, a ó jẹ ẹ̀fọ́! A lu ihò sí ìdérí ike ọ̀dà, a ki gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ kéékèèké bọ̀ ọ́, a tò wọ́n sẹ́yìn kíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé ti pọ́n. Igi rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń nàgà wá oòrùn lójú fèrèsé. Tanwíjí ń jó nínú omi. Omi kànga lásán ni mo ní kí wọ́n máa bù sí i; èmi tí mo kàwé gbàgbé ajílẹ̀!

Ọmọ Ègùn kan ló ń pọnmi náà láràárọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi ni mo pa á ni?"

Mo ní rárá. N kò sọ ẹni tó pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé mo ra NPK díẹ̀ wá láti ọjà. Mẹ́ta ló yè. Nígbà tí TP parí, ọmọ náà gbé wọn lọ sílé, èmi náà wọ ọkọ̀. N kò tíì sọ fún un.