Fáàsì Bọ́dì: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Dídán Ọkọ̀

Lọ́dún 2022, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, kálukú wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Àwọn kan kọ́ bàtà ṣíṣe, àwọn kan ń ta dátà. Èmi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pẹ́ńtà kan n'Íbàdàn, níbi tí mo ti ń gbọ́ "Sìkọ́là, bu omi wá!" láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dà kíkùn ló wù mí jù níbẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe ń mú ọ̀dà tó ti ṣá pa dà dán láìtún un kùn ló wù mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ irin, àwọ̀ tí à ń rí ló tẹ̀ lé e, èyí tó mọ́ gaara tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà ló sì wà lókè pátápátá. Kílíà yìí ló ń dán. Òun náà ló ń jìyà oòrùn, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Kò sì nípọn rárá: kò ju bí ìdajì bébà ìkọ̀wé kan lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Tí a bá ń mú ọkọ̀ dán, a ò fi nǹkan kan kún un. Ṣe là ń ha díẹ̀ kúrò lára kílíà, títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú dé ìsàlẹ̀ ibi tó họ. Ohun tí a bá sì ti ha kúrò kò ní pa dà wá mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi máa ń sọ pé iṣẹ́ yìí kò fẹ́ alágbára, onísùúrù ló ń fẹ́.

Ó ní bí a ṣe ń ṣe é. A ó fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú garawa méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ ìfọkọ̀, nítorí yanrìn inú aṣọ ìdọ̀tí ló ń ha ọkọ̀ jù. Lẹ́yìn náà la ó dán ibi kékeré kan wò. Bí àkísà bá gba àwọ̀ ọkọ̀, a jẹ́ pé kò ní kílíà lórí. Ibi tó bá họ gan-an, a ó fi sáńpépà 2000 àti omi ra á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ká tó fi kọ́ńpáǹdì tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà pólíìṣì, ká wá fi wáàsì bò ó. Ẹ̀rọ tó ń yí fóòmù kò gbọdọ̀ dúró lójú kan, torí ó lè jó ọ̀dà. Létí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra, ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Bí kílíà bá sì ti ń bó bí ẹ̀fọ̀n àlùbọ́sà, pólíìṣì ò lè ṣe é, àfi kí wọ́n tún un kùn.

Kí ìyanṣẹ́lódì náà tó parí, bàbá mi fẹ́ ta Corolla dúdú rẹ̀, torí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí politẹ́kíníìkì. Ọkọ̀ náà ti ṣá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì họ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má ṣe é, bàbá," ni ọ̀gá wí. "Fáàsì bọ́dì ni. Bí ẹ bá kùn ún, ẹni tó fẹ́ rà á á ní ó ti ní ìjàǹbá rí."

Òótọ́ ni. Lọ́jà ọkọ̀ wa, ọ̀dà tuntun máa ń fa ìfura ni. Ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé kúrò ní iléeṣẹ́ wá ni ẹ̀rí pé ara rẹ̀ kò tíì fọ́.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Nígbà tí a dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀gá bi mí pé, "Sìkọ́là, kí lo rí?" Mo fi èékánná wọ́ ojú ibi tó họ náà, èékánná mi sì há síbẹ̀. "Ó ti jìn jù, sà." Ó ní ká fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kùn títí, ó ní àbùkù ni.

Ẹni tó wá ra ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ gbogbo etí rọ́bà wò bóyá ọ̀dà ta sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara rẹ̀ yíká. Ó bi bàbá mi nípa ilẹ̀kùn. Bàbá mi ní géètì ilé ló ha á. Ọkùnrin náà mi orí. Táyà ló fi já owó wálẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́. Owó náà tó fún àbúrò mi, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ní báyìí, mo máa ń bá àwọn èèyàn fọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láyìíká iléèwé. Kí n tó dá iye kankan lé e, èékánná mi ni mo máa kọ́kọ́ fi wọ́ ibi tó họ. Èyí tí pólíìṣì lè ṣe, mo máa ń gbà á. Èyí tí kò lè ṣe, mo máa ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kí n tó gbowó.