Koríko Etí Odò Lọ́wọ́ Ìyá Koolmatrie

Bí ẹni ń ká òṣùká ni iṣẹ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Yvonne Koolmatrie á ṣa koríko gbọọrọ mélòó kan nínú omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí kó lè rọ̀, wọn á pa á pọ̀, wọn á ká orí rẹ̀ kò, wọn á wá fi fọ́nrán kan ṣoṣo gbá a yíká. Abẹ́rẹ́ á wọ ihò àárín, á jáde, wọn á fà á le. Ẹyọ kan nìyẹn. Ẹyọ kejì á kọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta á kọ́ èkejì, títí òbìrí kékeré náà á fi máa gbòòrò bí ìkarahun ìgbín. Bí koríko inú bá ń tán lọ, wọn á ti òmíràn bọ àárín rẹ̀. Wá ojú ibi tí wọ́n ti fi kún un, o ò ní rí i.

Ọmọ Ngarrindjeri ni wọ́n, ìran tó ni ìsàlẹ̀ odò Murray ní gúúsù Ọsirélíà, níbi tí odò náà ti ń wọ òkun. Wudinna ni wọ́n bí wọn sí ní 1944. Ilẹ̀ ìran wọn ni Coorong wà, ọ̀sà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ju 100 kìlómítà lọ, tó jẹ́ pé òkìtì iyanrìn ló yà á kúrò lára òkun. Koríko tí wọ́n fi ń hun nǹkan, ìbátan làbẹlàbẹ wa ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á láti ìdí. Ṣùgbọ́n kò sí níbi gbogbo mọ́. Àwọn àgbẹ̀ gba ilẹ̀, wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n sọgbà yí i ká. Nígbà tó di 1940, wọ́n parí ìdènà ńlá márùn-ún sí ẹnu odò kí omi iyọ̀ má baà wọlé. Ohun tó wà nítòsí fún àwọn ìyá àgbà di ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ìmọ̀ náà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé koríko lọ. Ní 1982, ní Meningie, Dorothy Kartinyeri, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Dory, kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ híhun yìí. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni Ìyá Koolmatrie fi mú un dání. Ohun tó kù, ara àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ń fi ojú tọ ipa ọwọ́ àwọn tó ti lọ. Ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá rò ó: ká ní ara Àǹtí Dory kò yá lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Nínú gbogbo iṣẹ́ Ìyá Koolmatrie, ìgèrè ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ sí ìdí. Ẹja gígùn tó ń yọ̀ bí ejò ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá so ó rọ̀ tí iná tàn sí i, òjìji ẹyọ kọ̀ọ̀kan á hàn lára ògiri, ìgèrè á di méjì. Wọ́n hun Pondi náà, ẹja ńlá inú ìtàn ìṣẹ̀dá wọn, tí Ngurunderi, baba ńlá wọn, lé gba odò Murray kọjá, tí ìrù rẹ̀ sì la odò náà sí kọ́rọkọ̀rọ. Wọ́n hun agbọ̀n ìsìnkú. Wọ́n hun ọkọ̀ òfuurufú pàápàá, nítorí Janet Watson, ọmọ Ngarrindjeri bíi tiwọn, ti hun irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Èmi ò rí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ìgèrè: ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń hun.

Ní 1997, iṣẹ́ obìnrin mẹ́ta ni Ọsirélíà kó lọ sí àfihàn ńlá ti Venice ní Ítálì: ti Emily Kame Kngwarreye, ti Judy Watson àti ti Ìyá Koolmatrie. Ní 2016, wọ́n fún Ìyá Koolmatrie ní ẹ̀bùn Red Ochre, tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà.

Ọjọ́ kan ni Àǹtí Dory rí fi kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń hun ẹní nílé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.