Owó ẹnu ọ̀nà la mọ̀, a kò mọ owó ẹnu: ohun tí ojú wa rí ní Orlando

Àwọn àgbà ní, àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì ti pa á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, tí wọ́n sì ń sọ fún yín pé bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn yóò mú yín lọ wo ọgbà ìgbafẹ́ Disney.

Ìlú Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia ni àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ìyàwó a jáde lọ sí ti ọ̀sán. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti ìbejì ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ó lé ní ọdún kan tí àbúrò mi fi ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìlérí tí ó ti ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo fún ẹnì kan ju $100 lọ. Ó ra tèmi mọ́ tiwọn.

Kí a tó kúrò nílé, ó pín owó ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò ìwé mẹ́ta. Èkíní jẹ́ ti epo ọkọ̀. Èkejì jẹ́ ti oúnjẹ, $400 ni ó wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni $200 tí ó máa ń fi ránṣẹ́ sí Màmá wa ní Ìkìrun lóṣooṣù, èyí tí wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n sì fi ń jẹun. Ọjọ́ tí a bá darí dé ni ó ní òun yóò fi í ránṣẹ́.

Aago mẹ́rin ìdájí ni a gbéra. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 440 máìlì, wákàtí méje sì ni a lò lórí rẹ̀. A kò wọ̀ sí inú ọgbà Disney fúnra rẹ̀, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ wọ́n. Ìlú Kissimmee tí ó wà nítòsí ni a wọ̀ sí, lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 192, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú tò lọ bẹẹrẹ ní ọ̀tún àti òsì. Yàrá tí a gbà ní fíríìjì, ó ní ààrò oníná kékeré, wọ́n sì ń fún àlejò ní oúnjẹ àárọ̀ láìgba owó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó gbà wá là nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí à ń wí yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí Walt Disney World. Walt Disney tí ó ni èrò náà kò rí ọjọ́ yẹn, ọdún 1966 ni ó ti kú. Ilẹ̀ tí wọ́n ní níbẹ̀ tó 40 máìlì níbùú lóròó, ọgbà ńlá mẹ́rin ni ó sì wà lórí rẹ̀: Magic Kingdom tí ó jẹ́ àkọ́bí, Epcot tí wọ́n ṣí ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Magic Kingdom ni a kọ́kọ́ lọ. Bí ènìyàn bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kò tíì débẹ̀. Yóò tún wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin orí òpó kọjá adágún kan kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Láti orí omi ni àwọn ìbejì ti rí ààfin Cinderella, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 189 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n hó yèè. Mo wo ojú àbúrò mi, mo sì rí i pé gbogbo iṣẹ́ òru tí ó ti ṣe láti ọdún kan ni ó gbà padà ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sán, ebi dé. Òòrùn Florida kò yàtọ̀ sí tiwa, òùngbẹ sì ti ń gbẹ àwọn ọmọ láti òwúrọ̀. A wọ ilé oúnjẹ kan nínú ọgbà. Bọ́gà àti ọ̀dùnkún díndín ni a rà fún àwa àgbà mẹ́ta àti ọmọbìnrin, nítorí pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 10, àgbàlagbà ni wọ́n ń kà á sí níbẹ̀. A ra oúnjẹ ọmọdé fún ìbejì. A ra omi fún ènìyàn mẹ́fà, ike kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi $4. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú owó orí, $109. Láàárín ìrọ̀lẹ́, áísìkiriìmù gba $45. Nígbà tí a ń padà lálẹ́, ó ti rẹ gbogbo wa, a yà jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, $72. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí àbúrò mi ti ṣe é lórí ibùsùn lóru ọjọ́ yẹn: $226 ti lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú $400 tí ó yẹ kí a ná fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ó dákẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ó na ọwọ́ sí àpò ìwé kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí mo bá mú $100 níbẹ̀, màá dá a padà ní òpin oṣù."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti dìde. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó Màmá sílẹ̀. Àbí òpin oṣù ni ẹ̀jẹ̀ ríru yóò dúró dè?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Ìdí ni pé kí a tó kúrò ní Atlanta ni obìnrin yìí ti sọ pé kí òun se oúnjẹ dání, tí ọkọ rẹ̀ fi ń bínú pé ṣé a fẹ́ lọ máa ṣí abọ́ láàárín àwọn òyìnbó ni. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí ó yẹ kí n là wọ́n, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo gbè sí. Mo ní ẹni tí ó lọ sóde kì í ru ìkòkò. Kò bá wa jiyàn. Ó kàn ru ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ìkòkò kan, agolo mọ́ínmọ́ín àti kúlà kékeré sínú búùtù ọkọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwa ọkùnrin kò mọ̀, tí òun ti wádìí, ni pé òfin ọgbà Disney gba kí ènìyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé òun àti ẹbí rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ọtí kò gbọdọ̀ wọlé. Ohun tí ó wà nínú ìgò kò gbọdọ̀ wọlé, àyàfi ìgò kékeré oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Oúnjẹ tí yóò nílò iná kí a tó lè jẹ ẹ́, tàbí tí òórùn rẹ̀ le, kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn pańla àti irú, ẹ fi tiyín sílé. Kúlà kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 24 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀ àti 18 ní gíga lọ. Wọn kò fẹ́ kí a da yìnyín sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ike omi sí ibi tí ó ti lè dì mọ́jú, tí a sì tò ó sínú kúlà, yóò mú oúnjẹ tutù, bí ó bá sì ti ń yọ́ ni a ó máa mu ún.

Ọjọ́ kejì ni a kò lọ sí ọgbà rárá. Àwọn ọmọ wẹ̀ nínú odò àtọwọ́dá òtẹ́ẹ̀lì, àwa sì lọ sí ilé ìtajà ńlá kan. A ra ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹyin, adìyẹ, tòmátì inú agolo, òróró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù, bisikíìtì àti páálí omi kan tí ó ní ike 40 nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pàápàá wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará Kúbà àti Puerto Rico tí wọ́n pọ̀ ní Florida ń jẹ ẹ́ bí àwa náà. $92 ni gbogbo rẹ̀. Ohun mìíràn tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ Florida kì í gba owó orí lórí ọ̀pọ̀ oúnjẹ tútù tí ènìyàn bá rà lọ sílé, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ti sè tà, 6.5% ni wọ́n ń gbà lé e lórí ní agbègbè Orange tí Orlando wà.

Ìyá Ìbejì se mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bọ ẹyin, ó sì se ìrẹsì àti ọbẹ̀ sílẹ̀ nínú fíríìjì fún alẹ́ ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, Epcot ni a gbà lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ aláàbò ṣí kúlà wa, ó wo inú rẹ̀, ó sì ní kí a máa lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọgbà yẹn, orílẹ̀-èdè 11 ni wọ́n kọ́ ilé wọn yí adágún ká, Mòrókò nìkan sì ni ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ omi yẹn ni a jókòó sí lọ́sàn-án. Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó gbé ojú sókè ni ó rí òyìnbó kan pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́rin, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sára búrẹ́dì láti inú àpò tiwọn. Ní apá kejì, ìyá àgbà kan ń bu oúnjẹ láti inú ike fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń wo ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bèèrè mọ́ínmọ́ín kejì.

Nígbà tí omi wa tán, a kò ra òmíràn. Ilé oúnjẹ tí ó bá ti ń ta ohun mímu inú ife nínú ọgbà Disney, bí ènìyàn bá ní kí wọ́n fún òun ní omi tútù, wọn yóò bu ife kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, $24 ni a ti fi ra ohun tí à bá bèèrè.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kì í ṣe ahun. Ó ní ọmọ tí ó bá rìn jìnnà tó báyìí tí kò fi ẹnu kan ohun kan níbẹ̀, ojú ni ó rìn ìrìn-àjò, ẹnu kò rìn. Nítorí náà, ó fi owó sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, áísìkiriìmù fún ọmọ mẹ́ta, $22. Ní ọjọ́ kẹrin, ní Animal Kingdom, lẹ́yìn tí a ti wo kìnnìún àti àgùnfọn tán, ó jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ra oúnjẹ ọmọdé kan, tí ó ní ohun mímu nínú, àti áísìkiriìmù mìíràn, $51. Mo pè é ní ṣe-bí-o-ti-mọ ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ lóru, $391 ni ó ti jáde nínú $400. $9 ṣẹ́kù. Àpò ìwé kẹta wà bí ó ti wà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, ẹ gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ wádìí òfin ọgbà tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ṣe ìṣirò, nítorí pé wọn kò rí bákan náà. Universal, tí òun náà wà ní Orlando, kì í gbà ju omi, ìpápánu kékeré, oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti ti aláìsàn lọ. Ẹ wá ibùsùn tí ó ní fíríìjì àti ààrò. Bí ẹ bá jókòó jẹun níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá ènìyàn, ẹ rántí pé ẹ ó fún agbáwo ní nǹkan bí ìdá márùn-ún owó oúnjẹ náà. Ẹni tí ó bá sì ń bọ̀ láti Nàìjíríà, gàrí kò ní wàhálà bí ẹ bá ti sọ fún àwọn aṣọ́bodè pé ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹran, kìlíṣí àti pọ̀nmọ́, ẹ má dán an wò.

Ọjọ́ tí a dé Atlanta ni àbúrò mi fi owó ránṣẹ́. Màmá pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti dúpẹ́, wọ́n sì bèèrè ohun tí a rí jẹ nílé àwọn òyìnbó.

"Mọ́ínmọ́ín ni, Màmá," ìyàwó àbúrò mi dáhùn.

"Ẹ wá wakọ̀ wákàtí méje lọ jẹ mọ́ínmọ́ín?" Màmá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní kí a dúró ná, kí àwọn kọ́kọ́ lo oògùn àárọ̀.