Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọmọ Lórúkọ: Ètò Fódà Nínú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ ènìyàn wí, ó sì bá fáìlì inú kọ̀ǹpútà wí pẹ̀lú, pàápàá inú àwọn ẹ̀rọ tí ó ń lo ètò Unix àti àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Ọ̀fà, tí ó ní Àjàyí ni òun ń wá, ìbéèrè ni yóò fi gba ìdáhùn. Àdúgbò wo ni? Ṣé Ọjọmu ni àbí Balógun? Agbo ilé ta ni? Yàrá wo nínú agbo ilé náà? Ìgbà tí àlejò bá dáhùn gbogbo ìwọ̀nyí tán ni orúkọ náà tó di ti ẹnì kan pàtó. Bí ètò Unix ti ń wá fáìlì gan-an nìyẹn.

Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní ọdún 1969. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Helsinki, gbé Linux jáde ní àwòrán rẹ̀. Orí Linux yìí ni wọ́n kọ́ Android lé, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí àwọn ènìyàn ń mú kiri ọjà Owódé lónìí.

Gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ètò yìí ní. Àmì / ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn fódà ńlá wà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. /home ni ibùgbé àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ. /etc ni àkọsílẹ̀ ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. /bin ni irinṣẹ́ tí gbogbo ilé jọ ń lò. /var ni àkọsílẹ̀ tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. /tmp ni ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì máa ń gbá a mọ́ nígbà tí wọ́n bá tún wọn tàn. Ẹni tí ó bá kó iṣẹ́ ọdún kan sí /tmp, ààtàn ni ó kó o sí.

Bí olùkọ́ kan bá ní fódà àròkọ, àdírẹ́sì rẹ̀ lè jẹ́ /home/oluko/ss3/aroko. Ẹni tí ó bá ń kà á dà bí ẹni tí ó gba ẹnubodè wọ ìlú, tí ó gba àdúgbò kọjá, tí ó wọ agbo ilé, tí ó sì kan ilẹ̀kùn yàrá. Fódà aroko mìíràn lè wà nínú ss2 láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n nínú fódà kan náà, fáìlì méjì kò lè jẹ́ orúkọ kan.

Ohun tí ó jinlẹ̀ jù ni pé ìwé orúkọ ni fódà í ṣe. Orúkọ fáìlì ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó ń tọ́ka sí fáìlì náà lórí díìsìkì. Nítorí náà, fáìlì kan lè ní orúkọ méjì, bí ìbejì tí ó mú Táíwò tọ̀run wá tí wọ́n sì tún sọ ní Adébáyọ̀. Bí wọ́n bá pa orúkọ kan rẹ́, fáìlì náà wà láàyè. Ìgbà tí orúkọ ìkẹyìn bá parẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i sílẹ̀ mọ́, ni ẹ̀rọ yóò gba àyè rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Àṣẹ rm tí wọ́n fi ń pa orúkọ rẹ́ kì í sì í tọ́jú ohunkóhun de ẹni tí ó bá kábàámọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ni wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé Ọ̀fà ni kí wọ́n kọ. Síbẹ̀ Offa ni ó wà lára orúkọ Offa Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ènìyàn lè mójú kúrò nínú èyí. Linux kì í mójú kúrò. Offa, offa, Ọfà àti Ọ̀fà, fódà mẹ́rin ni lójú rẹ̀. Ọfà tí ọdẹ ń ta yàtọ̀ sí Ọ̀fà tí Ọlọ́fà ń jọba lé lórí, ẹ̀rọ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Thompson yìí kan náà, pẹ̀lú Rob Pike, ni ó gbé ètò UTF-8 kalẹ̀ ní 1992, èyí tí ó jẹ́ kí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn lè wọ orúkọ fáìlì. Ṣùgbọ́n ó ju ọ̀nà kan lọ tí ẹ̀rọ lè gbà to Ọ̀. Ọ̀kan lè lo Ọ tí àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára rẹ̀, kí ó wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn lè kọ O lásán, kí ó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú Linux, méjì ni.

Ìdí nìyí tí ìtàn àti oríkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà fi lè wà lórí díìsìkì síbẹ̀ kí ẹni tí ó ń wá a má rí i. Àgbà tí ó sọ ọ́ lè ti papò dà, kò sì sí ẹni tí wọn yóò tún bi.

Kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fẹnu kò lórí ìlànà kan: fódà ọdún, lẹ́yìn náà kíláàsì, lẹ́yìn náà irú iṣẹ́, àkọtọ́ kan náà àti ọ̀nà ìtẹ̀wé kan náà fún gbogbo orúkọ. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kejì sórí díìsìkì mìíràn, nítorí orúkọ méjì kò gba fáìlì là bí díìsìkì bá bàjẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò sì mọ̀ pé àmì ohùn tí ó fò lórí ìwé, máàkì ni yóò gbà lọ. Èyí tí ó fò nínú orúkọ fáìlì lè gba odidi iṣẹ́ náà lọ.