Bùráúsà Tí Yóò Máa Bi Ọ́ Kó Tó Gba Dátà

Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àdùkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,



O ní dátà tí o ń ti orí fóònù pín fún kọ̀ǹpútà ìsọ̀ rẹ ní Songon, lẹ́bàá Abidjan, máa ń tán kí iṣẹ́ oníbàárà tó parí, nítorí pé Chrome, bùráúsà tí o ń lò, ń gba àpúdéètì láìbi ọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí o máa lò ni Firefox, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ESR.

Lórí Windows, ètò kan wà tó máa ń bá Chrome wá àpúdéètì lábẹ́lẹ̀, kódà nígbà tí o bá ti pa Chrome dé. Ní ọdún 2021, Google tó ni Chrome bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, àtúnṣe kéékèèké sì ń wọlé láàárín wọn. Kò sí ibi tí o lè tẹ̀ nínú Chrome kó lè máa kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ. Firefox ní i. Ní èdè Faransé tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣí Paramètres (ìṣètò), bọ́ sí Général (gbogboogbò), kí o wá ibi tí wọ́n kọ mises à jour (àpúdéètì) sí. Yan èyí tí yóò máa wò ó bóyá àpúdéètì wà, ṣùgbọ́n tí yóò fi ìpinnu sílẹ̀ fún ọ.

Láti ọdún 2012 ni Mozilla, tó ni Firefox, ti ń ṣe ESR fún àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìwé. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àyípadà ńlá ń bá a; àtúnṣe ààbò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé láàárín. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ kò sì ní máa wá bọ́tìnnì tó ṣí kúrò níbi tó wà lóṣù tó kọjá.

Sàmì sí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ nínú Windows pé ó jẹ́ connexion limitée (ìsopọ̀ tó ní òdiwọ̀n), kí Windows fúnra rẹ̀ lè dín ohun tó ń gbà kù. Ṣé o rántí 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní etí Abidjan? Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ ló yẹ kó ni ìwọ̀nba tó kù.

Ṣùgbọ́n má ṣe kọ àpúdéètì pátápátá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n rí àléébù kan tó lè jẹ́ kí àwòrán lásán ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fún olè. Ó kan Chrome, ó kan Firefox. Kíá ni àtúnṣe jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á nìkan ló dáàbò bò. Àwọn èèyàn ń ṣí ímeèlì àti àkáǹtì báńkì wọn lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé oníbàárà ni àwọn ọmọ Èjìgbò tó ṣáájú rẹ dé Abidjan fi ń tajà.

Nítorí náà, yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti tilẹ̀kùn ìsọ̀, kí o gba gbogbo àpúdéètì tó bá wà. Tí o bá gbọ́ pé ewu ńlá jáde, má dúró de alẹ́ yẹn. Ìwọ lo gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Má jẹ́ kí iṣẹ́ tó bá a wá sú ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjàní.