Iṣẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò: Láti Orí Fáìlì Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo wọṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ n'Íbàdàn, báìsì, fáìlì àti ojú tó mú ni irinṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi á fi báìsì di kọ́kọ́rọ́ Peugeot 504 mú, á máa fi fáìlì gé eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ti oníbàárà dọ́gba. Bí eyín bá ti ṣe wẹ́kú, ó parí.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀, àlòkù tó ń ti òkè òkun wọlé, ló yí iṣẹ́ náà padà. Ní 1998, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, di dandan fún mọ́tò tuntun nítorí olè. Nígbà tírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, kọ́kọ́rọ́ tá a gé á wọlé, á yí, ẹ́ńjìnnì á tan, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn rewáyà á tú fíùsì títí, wọn ò ní rí nǹkan kan.

Inú orí kọ́kọ́rọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ la ike dúdú yẹn, ẹ ó rí chip kékeré kan. Kò ní bátìrì. Wáyà tí wọ́n wé yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ló ń fún un lágbára. Chip àkọ́kọ́, bíi 4C ti Toyota, nọ́ńbà kan náà ló máa ń kà fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìbéèrè tuntun ni brain box ń bi wọ́n nígbà gbogbo. Bí ìdáhùn bá tọ̀nà, iná pupa á kú, ọkọ̀ á sì gba epo.

Bí kọ́kọ́rọ́ master, èyí tó lè forúkọ òmíràn sílẹ̀, bá wà nílẹ̀, iṣẹ́ ò le. A ó ki ẹ̀rọ wa bọ ihò OBD lábẹ́ sìtẹ́rìn, ibi tá a ti ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, a ó kọ́kọ́ fi master hàn án, lẹ́yìn náà la ó fi tuntun sí i. Kọ́kọ́rọ́ valet, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń báni páàkì ọkọ̀, ò lè forúkọ òmíràn sílẹ̀. Bí gbogbo kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, nínú Toyota àtijọ́, a máa ń tú brain box ni, ká fi irin gbígbóná yọ EEPROM, chip ìrántí rẹ̀, ká tún inú rẹ̀ kọ.

Láyé ọ̀gá mi, kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn mú lọ́wọ́ wá ni ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀. Lónìí, ẹni tí kò ní ẹyọ kan pàápàá ń pè wá. Nítorí náà, kí ọmọ iṣẹ́ mi tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kó fi nọ́ńbà ṣáṣíìsì abẹ́ gíláàsì iwájú wé ti inú ìwé. Ẹni tó bá bínú, kó máa lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ó pa kọ́kọ́rọ́ tó sọnù rẹ́ nínú ìrántí ọkọ̀, kí ẹni tó bá rí i he má lè fi jí ẹ́ńjìnnì.