Lẹ́tà Tí Kò Ní "Nítorí"

Gbólóhùn mẹ́rin péré ló wà nínú lẹ́tà náà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan ló kọ ọ́ sí igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tó ní kó fi ìwé ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá sílé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́: "I did not come to school. My mother was sick. I sold bread. I am sorry, sir." Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àmì ìdánudúró sì wà níbi tó yẹ kó wà. Síbẹ̀, nígbà tí igbákejì ọ̀gá kà á tán, ọmọ tó sá kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lọ ta búrẹ́dì ló rí níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà gé koríko fún ọ̀sẹ̀ kan.

Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì JSS 2 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìwé náà wò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan n'Ìbàdàn ni, àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì náà sì lé ní àádọ́ta. Ó pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fóun. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní: "Mà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá màmá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà ní kí wọ́n má tíì dìde, mo sì ń bá wọn ta búrẹ́dì tí wọ́n ti gbà láwìn kó má bàa bàjẹ́."

Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn. Ohun tí ìlànà iṣẹ́ sáà náà ní kí tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ gan-an ló ti ẹnu ọmọ náà jáde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀. Olórí awẹ́ gbólóhùn méjì ló wà nínú rẹ̀: "dókítà ní kí wọ́n má tíì dìde" àti "mo sì ń bá wọn ta búrẹ́dì". Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá dúró, kí ẹni tó gbọ́ ọ sì mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn tó kù kò lè dá dúró: "nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá màmá mi dùbúlẹ̀", "tí wọ́n ti gbà láwìn", "kó má bàa bàjẹ́". Ẹni tó bá wọlé tó kàn sọ pé "nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá màmá mi dùbúlẹ̀", tó sì dákẹ́, ẹnu rẹ̀ la ó máa wò. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ là ń pe irú ìwọ̀nyí. (Onímọ̀ gírámà á tún rí òmíràn nínú "kí wọ́n má tíì dìde", ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.) Gbólóhùn tó bá ní olórí awẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tún ní afarahẹ, ó kéré tán ẹyọ kan, òun ni gbólóhùn alákànpọ̀-oníbọ̀, èyí tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní compound-complex sentence. Orúkọ yẹn nìkan ti tó láti lé ọmọ kúrò ní kíláàsì.

Ẹ wá wo ohun tó sọnù lójú ọ̀nà, láti ẹnu ọmọ náà dé orí ìwé rẹ̀. "Nígbà tí" sọnù. "Sì" sọnù. "Kó má bàa" náà lọ. Ohun tó kù ni ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tí kò mọra rí. Ìyá ṣàìsàn, ọmọ ta búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so gbólóhùn pọ̀ wọ̀nyẹn ni ẹjọ́ ọmọ náà wà. Nígbà tí kò sí wọn, ó dà bí ẹni tí kò ní àwíjàre.

Tíṣà náà kò bá a kọ lẹ́tà mìíràn. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ó ní kó wá bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ àsopọ̀ náà. Ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí èyí tó jáde: "When my mother fell ill on Monday, the doctor told her to rest, and I sold the bread she had bought on credit so that it would not spoil." Igbákejì ọ̀gá kà á, ó bi ọmọ náà bóyá ìyá rẹ̀ ti ń gbádùn, ó sì ní kó padà sí kíláàsì. Kò mẹ́nu ba koríko mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí tíṣà náà yí ọ̀nà tó fẹ́ gbà kọ́ iṣẹ́ náà padà. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ kọ sára pátákó: gbólóhùn abọ́dé, alákànpọ̀, oníbọ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí àwọn ọmọ máa há sórí. Wọ́n á há a, wọ́n á gba máàkì, wọ́n á sì tún máa kọ "I went. I saw. I came back." Lọ́tẹ̀ yìí, obì ló kọ́kọ́ rà bọ̀ láti ọjà Bódìjà. Awẹ́ tí à ń sọ nínú gírámà, ara obì la ti yá a. Gbànja pín sí méjì, awẹ́ kan kò ju èkejì lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn alákànpọ̀ ṣe rí. Fún afarahẹ, ó lo ìtàkùn iṣu, tó jẹ́ pé bí kò bá rí igi gùn, ilẹ̀ ni yóò máa fà sí. Àpèjúwe tó dára ni, àmọ́ kò pẹ́ tó fi parí, torí àwọn ọmọ ti ń bèèrè ẹni tó máa jẹ obì náà.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni iṣẹ́ ìsopọ̀. Ó kọ gbólóhùn kéékèèké márùn-ún sára pátákó: Òjò rọ̀. Ọ̀nà bàjẹ́. Mọ́tò kò wá. A fẹsẹ̀ rìn. A pẹ́. Ó ní kí wọ́n sọ wọ́n di ẹyọ kan, ẹnu ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, ní Yorùbá. Ẹnì kan ní: "Nítorí pé òjò ba ọ̀nà jẹ́, mọ́tò kò wá, a sì pẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fẹsẹ̀ rìn." Òmíràn ní: "A fẹsẹ̀ rìn nígbà tí a kò rí mọ́tò, ṣùgbọ́n a pẹ́, torí ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́ kò ṣeé rìn." Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Èwo ló dára jù? Tíṣà kò dá ẹjọ́ náà. Ohun tó bi wọ́n ni pé: "Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbọ́ jù?" Ohun yẹn ni kí wọ́n fi ṣe olórí awẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù fara tì í. Ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun gbìyànjú á gbé "a fẹsẹ̀ rìn" síwájú. Ẹni tó fẹ́ di ẹ̀bi ru mọ́tò á gbé mọ́tò síwájú.

Kì í ṣe n'Ìbàdàn nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti sèso. Ní 1973, Frank O'Hare tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì keje ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi gbólóhùn kéékèèké síso pọ̀ ṣe ìdánrawò kọ àròkọ tó dára ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, láìjẹ́ pé wọ́n ń há orúkọ gírámà sórí. Ní 2007, Steve Graham àti Dolores Perin kó ìwádìí rẹpẹtẹ jọ lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ láti kíláàsì kẹrin dé ìkejìlá, ìsopọ̀ gbólóhùn sì wà lára ohun tí wọ́n rí i pé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́. Gírámà tí a dá kọ́ lásán, tí kò kan ohun tí ọmọ ń kọ, kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀ gbà.

Àwọn àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé Yorùbá wa ló bí wọn, kò sì tọ́ kí a máa na ọmọ nítorí wọn. "Although it was raining, but we went to the farm." Ta ni kò tíì rí i rí? Tíṣà á fa igi pupa sórí "but", ó parí. Bẹ́ẹ̀ "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, síbẹ̀ a lọ sóko" ló wà lọ́kàn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ méjì là ń lò nínú èdè wa, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí tíṣà náà ṣàlàyé èyí, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Sábó, tí wọ́n ń sọ Hausa nílé wọn, nawọ́: "Mà, àwa náà ń sọ ko da yake, a tún máa ń sọ amma." Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èdè ilé rẹ̀ máa wúlò nínú kíláàsì náà.

Kọ́mà náà ní ìtàn tirẹ̀. "Mo dé ilé wọn, mi ò bá wọn" tọ̀nà lédè wa, kò nílò ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kankan. Bí ọmọ bá gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí, "I got to their house, I did not meet them", wọ́n á ní kọ́mà kan kò tó láti so olórí awẹ́ méjì pọ̀. "Sì" tún ń jókòó lẹ́yìn olùwà, nígbà tí "and" ń dúró sáàárín awẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá fi èyí han ọmọ lẹ́ẹ̀kan ti dín igi pupa kù púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ fífi èdè ilé kọ́ ọmọ kì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ tó kù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Wọn ì báà fagi lé e lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọmọ JSS á ṣì máa fi Yorùbá ronú kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé.

Gbólóhùn gígùn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ gbólóhùn rere o. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan fi "and" so gbogbo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ pọ̀, láti orí ẹ̀kọ àárọ̀ títí dé bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́, láìdánudúró. Tíṣà ní kó fi èémí kan kà á. Kò dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí wú kọ́, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mìíràn kọ àròkọ lórí ọdún tó kọjá, àwọn gbólóhùn alákànpọ̀-oníbọ̀ rẹ̀ sì já gaara, àfi èyí tó wà láàárín: "My father died." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a yẹ ìwé wò ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Tíṣà náà pa ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ rẹ́, ó fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin òbí lè ṣe lára iṣẹ́ yìí nílé, kò gba owó. Bí ọmọ bá dé tó ní "Mo lu ú", ẹ má tíì bínú. Ẹ bi í: Nígbà wo? Nítorí kí ni? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ jẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, kó sì sọ ọ́ parí kí ẹ tó fèsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní bírò kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá ná. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dúró di ọ̀la.